Orí Kẹfà: Yíyan Ẹ̀yà Linux fún Kọ̀ǹpútà Tó Ti Pẹ́

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó ń béèrè RAM 4 GB, àyè 64 GB, ohun èlò ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti prósẹ́sọ̀ tó jáde láti nǹkan bí ọdún 2017 wá. Ẹ wá wo irú kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ wa ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò dé Ìpótì, láti Aramọkọ dé Èrìjìyàn, títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Òkèmẹ̀sí. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn: Dell Latitude, HP EliteBook, Lenovo ThinkPad tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ti lò fún ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó dé ọjà Ìkẹjà, kí wọ́n tó wá dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn mìíràn jẹ́ ara èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ pín fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ girama ní sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàárín ọdún 2010 sí 2014.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣì ń tàn. Kíbọ́ọ̀dù wọn ṣì dára, ojú wọn kò fọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tàn wọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè kọjá kí wọ́n tó ṣe é lò, àwọn èèyàn á sì ní kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́, wọn á gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dùn mí púpọ̀ láti máa rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ti ń dúró de ara wọn nídìí kọ̀ǹpútà kan. Ìdí nìyẹn tí orí yìí fi wà nínú ìwé yìí.

Ní Orí Karùn-ún, a ti rí i pé Linux bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 lọ́wọ́ Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní Finland, àti pé oríṣiríṣi èèyàn ló ń mú iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń fi ojú iṣẹ́ àti àwọn ètò mìíràn kún un, tí wọ́n sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n ń pín bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ẹ̀yà Linux. Wọ́n pọ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ, pípọ̀ yẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè méjì ló ṣe kókó jù nínú yíyan ẹ̀yà: kí ni ẹ̀rọ yìí lè gbé, àti ẹ̀yà wo ni àwọn tó yí wa ká ń lò? Ẹwà ojú iṣẹ́ lè dúró dìgbà tí a bá ti dáhùn àwọn méjèèjì.

Bí a ṣe ń mọ ohun tí ẹ̀rọ lè gbé

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wá: iye RAM, bóyá prósẹ́sọ̀ jẹ́ 32-bit tàbí 64-bit, àti irú hard disk tó wà nínú rẹ̀. Bí Windows bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ R, ẹ kọ msinfo32, kí ẹ sì tẹ Enter. Ẹ ó rí iye RAM níbẹ̀ àti orúkọ prósẹ́sọ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbi ìlà tó ń sọ irú ẹ̀rọ, System Type. Bí ó bá kọ x64 síbẹ̀, kò sí wàhálà, 64-bit ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ X86, ẹ má tíì gbà pé 32-bit ni ẹ̀rọ náà. Ó lè jẹ́ pé Windows tí wọ́n fi sórí rẹ̀ ló jẹ́ 32-bit, tí prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 64-bit. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n kọ Core 2 Duo sí lára, tó ti wà láti ọdún 2006, jẹ́ 64-bit. Láptọ́ọ̀pù kékeré tó ní Intel Atom N270, tó jáde ní ọdún 2008, jẹ́ 32-bit. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ tan ẹ̀rọ náà láti orí fláàṣì tó ní Linux 32-bit, irú antiX tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ kọ:

lscpu

Ẹ wo ìlà kejì tàbí ìkẹta nínú ohun tó máa jáde. Bí ẹ bá rí èyí,

CPU op-mode(s): 32-bit, 64-bit

ẹ̀rọ náà ń gbé 64-bit. Bí 32-bit nìkan bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Àṣẹ kejì, free -h, máa fi iye RAM hàn, àti èyí tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ní àkókò yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí hard disk, nítorí pé ibẹ̀ ni owó kékeré ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Hard disk àtijọ́ ní àwo tó ń yí àti apá kan tó ń wá nǹkan kiri lórí rẹ̀, bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gírámófóònù. SSD tó ń rọ́pò rẹ̀ kò ní ohun tó ń yí rárá, ìdí nìyẹn tí ó fi yára jù ú lọ. Bí ẹnì kan bá bi mí pé òun ní owó díẹ̀ láti fi tún láptọ́ọ̀pù ọdún 2012 ṣe, màá ní kó fi ra SSD ná, kó tó ronú RAM. Ẹ̀rọ tó ní RAM 4 GB àti SSD, pẹ̀lú ẹ̀yà Linux tó yẹ, á ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún púpọ̀ sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2007

Kí a tó yan ẹ̀yà, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn kan tó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2007, kọ̀ǹpútà 17,000 ni wọ́n fẹ́ fi sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Classmate PC ti ilé-iṣẹ́ Intel ni, ẹ̀rọ kékeré tí RAM rẹ̀ jẹ́ 256 MB. Ẹ̀yà Linux tí wọ́n yàn fún un ni Mandriva, ti ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà ní gbangba sí Steve Ballmer tó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Ó ní àwọn ti rí iṣẹ́ náà gbà, àwọn ti parí gbogbo ètò, kí àwọn tó gbọ́ pé oníbàárà náà máa san owó Mandriva ṣùgbọ́n Windows ni yóò fi rọ́pò rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ náà. Ariwo náà ká gbogbo ayé. Lẹ́yìn rẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní USPF, tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, sọ pé Mandriva ni àwọn ṣì fẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mandriva fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ló kàn wá jù lónìí. Gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2010, àwọn kan lára òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó ń lò ó yapa, wọ́n dá ẹ̀yà Mageia sílẹ̀; ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ẹni tó bá kọ́ gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ lórí Mandriva ní láti wá ibòmíràn lọ.

Nítorí náà, kí a tó yan ẹ̀yà kan, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Àwọn olùyọ̀ǹda káàkiri ayé ló ń tọ́jú rẹ̀. Lórí Debian ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu kà, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Lórí Ubuntu ni Clement Lefebvre gbé Linux Mint kà ní ọdún 2006. Ìdílé kan ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń fi ètò sórí ọ̀kan, ẹ ti mọ ti àwọn yòókù, nítorí àṣẹ apt kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Inú ìdílé yìí nìkan ni màá ti yan ẹ̀yà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yà wo fún ẹ̀rọ wo?

Bí RAM ẹ̀rọ bá tó 4 GB, tí ó sì jẹ́ 64-bit, ẹ fi Linux Mint sí i, kí ẹ yan èyí tí wọ́n kọ Xfce sí. Oríṣi ojú iṣẹ́ mẹ́ta ni Mint ní: Cinnamon, MATE àti Xfce. Cinnamon ló lẹ́wà jù, Xfce ló fúyẹ́ jù. Ẹni tó ti lo Windows 7 rí kò ní sọnù nínú Xfce: bọ́tìnnì àkójọ ètò wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, aago wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, fáìlì ń ṣí bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Firefox àti LibreOffice ti wà nínú rẹ̀. Timeshift náà wà nínú rẹ̀, tó ń ya àwòrán ètò ẹ̀rọ pamọ́ kí a lè dá a padà bí nǹkan bá dàrú. Mint 22, tó jáde ní oṣù keje ọdún 2024, yóò máa gba àtúnṣe ààbò títí di ọdún 2029.

Àwọn tó ṣe Mint sọ pé 2 GB tó fún un. Òótọ́ ni, á tàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí Firefox sí ojú ìwé mẹ́ta, ẹ ó mọ̀ pé kò rọrùn. Fún 2 GB, ẹ lo Lubuntu, ọmọ Ubuntu tó ń lo ojú iṣẹ́ LXQt.

Ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kò ju 1 GB lọ, tàbí tó jẹ́ 32-bit, ló nílò àlàyé gígùn. Ilẹ̀kùn ti ń tì mọ́ 32-bit díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Ubuntu àti Mint tuntun kò gbà á mọ́. Debian 13, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, kò ṣe ètò ìfisórí-ẹ̀rọ fún un mọ́. Debian 12 ṣì ń gbà á, àtìlẹ́yìn rẹ̀ sì máa dé oṣù kẹfà ọdún 2028. antiX 23, tí wọ́n gbé ka Debian 12 yìí, ni mo fọwọ́ sí fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, akẹ́kọ̀ọ́ á sì lo ọ̀sẹ̀ kan kí àkójọ ètò rẹ̀ tó mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ó ń tan ẹ̀rọ tí gbogbo èèyàn ti jọ̀wọ́. Ẹ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ́ títẹ̀wé, ẹ fi ka ìwé PDF, ẹ fi kọ́ Python. Ẹ má fi ṣe iṣẹ́ báǹkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì retí pé á gbé YouTube dáadáa.

Puppy Linux, tí Barry Kauler bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní ọdún 2003, ń sá wọ inú RAM láti orí fláàṣì. Ó wúlò bí Windows bá kọ̀ láti tàn tí ẹ sì fẹ́ kó fáìlì jáde nínú ẹ̀rọ. Ẹ ní ọ̀kan lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má fi ṣe ti ojoojúmọ́.

Ẹ̀yà kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ mi ṣáá: Kali. Wọ́n ti gbọ́ pé òun ni àwọn tó ń já wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ń lò. Irin-iṣẹ́ àwọn tó ń dán ààbò ẹ̀rọ wò ni, àwọn tó ṣe é fúnra wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yẹ ẹni tí Linux ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Dátà, àti ìdí tí kíláàsì kan fi gbọ́dọ̀ lo ẹ̀yà kan náà

Àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní òkè òkun máa ń gbà pé íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣàn nínú ilé bí omi. Dátà la ń rà níbí, a sì mọ iye rẹ̀. Fáìlì Linux Mint fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 GB. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ní Ìjerò bá dá gbà á sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, 30 GB ti lọ. Bí ẹnì kan bá gbà á ní òru nígbà tí dátà rọjú, kí ó fi sórí fláàṣì 8 GB, fláàṣì kan ṣoṣo náà lè tọ Aramọkọ, kó gba Ìtawúrẹ́ dé Ẹ̀fọ̀n, kí ó sì fi Linux sí gbogbo ẹ̀rọ ojú ọ̀nà. Kò sí òfin tó lòdì sí i. Ìwé àṣẹ Linux gan-an ló ní ká máa pín in. Ẹ fi ètò tí wọ́n ń pè ní Rufus kọ fáìlì náà sórí fláàṣì bí ó bá jẹ́ pé Windows ni ẹ ń lò. Ventoy tún dára jù, nítorí pé ó máa jẹ́ kí Mint, Lubuntu àti antiX jọ wà lórí fláàṣì kan.

Lẹ́yìn tí a bá ti fi Mint sórí ẹ̀rọ, àtúnṣe àkọ́kọ́ lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB. Ibí ni àǹfààní ẹ̀yà kan náà ti yọ. Lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ẹ kọ:

sudo apt-get update
sudo apt-get upgrade

Gbogbo ohun tó gbà sílẹ̀ máa wà nínú àpótí /var/cache/apt/archives, orúkọ wọn sì máa parí sí .deb. Ẹ da àwọn fáìlì .deb yẹn kọ sórí fláàṣì, kí ẹ kó wọn sínú àpótí kan náà lórí ẹ̀rọ kejì. Bí ẹ bá wá kọ àṣẹ méjèèjì níbẹ̀, àkójọ orúkọ nìkan ni yóò gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó kéré gan-an. Á rí ìyókù nílé. Èyí kò ṣeé ṣe bí ọ̀kan bá ń lo Mint 22 tí èkejì ń lo antiX. Ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ohùn kò bá jáde lórí ẹ̀rọ yín ní Òkèmẹ̀sí, ẹni tó ti rí irú ìṣòro yẹn lórí ẹ̀yà kan náà ní Ẹ̀fọ̀n ló máa tètè yanjú rẹ̀ fún yín, ju ojú ìwé èyíkéyìí lọ.

Kí ẹ tó fi í sórí ẹ̀rọ pátápátá, ẹ dán an wò láti orí fláàṣì ná. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ Esc tàbí F9 bí ó bá jẹ́ HP, F12 bí ó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo. Kò tíì fọwọ́ kan hard disk ní àkókò yìí. Ẹ wò bóyá ohùn ń jáde, bóyá WiFi ń ríran, bóyá ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ ń gbọ́ràn. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ da gbogbo fáìlì yín kọ síbòmíràn, nítorí pé bí ẹ bá yàn pé kó nu hard disk, kò sí ohun tó máa ṣẹ́kù. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá ti kú tí iná sì ń ṣe ségesège. Ẹ dúró de jẹnẹrétọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ sí ètò Keyboard, ẹ ṣí Layout, kí ẹ sì wá Nàìjíríà. Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsan kọ́bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àròkọ Yorùbá lè fi àmì sí ẹ, ọ àti ṣ láti ọjọ́ kìíní.

Àwọn ìṣòro méjì tí ẹ máa bá pàdé

Ọjọ́ lè yí padà. Nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí bọ́ọ̀dù, CR2032 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i, òun ló ń pa ọjọ́ àti aago mọ́ nígbà tí iná kò sí. Bó bá ti kú, bí iná bá ti lọ tó sì dé, ẹ̀rọ lè gbà pé ọdún àtijọ́ kan, bíi 2009, ni a wà. Firefox á wá kọ̀ láti ṣí ojú ìwé, á ní kò sí ààbò níbẹ̀. Apt á ní àkójọ tí òun rí kò tíì tó àkókò. Àwọn èèyàn á ní Linux ló bàjẹ́, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo aago tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bátìrì yẹn kò wọ́n, àwọn tó ń tún aago ṣe lọ́jà náà máa ń tà á.

Ìkejì ni WiFi. Lára àwọn HP àti Dell kan, ohun èlò WiFi Broadcom wà, kì í sì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi okùn USB so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tan USB tethering lórí fóònù náà, Mint á rí i bí ẹni rí okùn íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ṣí Driver Manager, kí ẹ jẹ́ kó gba ohun tí WiFi náà ń béèrè.

Nígbà tó yẹ kí a fi Windows sílẹ̀ níbẹ̀

Ẹni tó ní ilé ìtẹ̀wé tó ń fi CorelDRAW ṣe káàdì ìgbéyàwó, kò gbọdọ̀ nu Windows kúrò. CorelDRAW kò ní ti Linux, Inkscape sì lè má ṣí gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo ètò ìdánrawò JAMB tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan. JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà láti ọdún 2015, ibùdó ìdánwò ló sì ní ẹ̀rọ tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà; Linux tó wà nílé kò lè pa yín lára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánrawò ṣe pàtàkì. Bí àyè hard disk bá tó, ẹ jẹ́ kí Mint àti Windows jọ wà, kí ẹ máa yan èyí tí ẹ fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì máa lo Mint fún íntánẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Wá kọ̀ǹpútà kan tí wọn kò lò mọ́ ní ilé tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ. Kọ orúkọ prósẹ́sọ̀ rẹ̀, iye RAM rẹ̀ àti irú hard disk rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì sọ ẹ̀yà tí o máa fi sí i àti ìdí rẹ̀.

2. Ẹ̀rọ kan ní Intel Atom N270 àti RAM 1 GB. Olówó rẹ̀ fẹ́ Linux Mint 22. Kọ ohun tí o máa sọ fún un.

3. Akẹ́kọ̀ọ́ méje ní kíláàsì rẹ fẹ́ fi Mint sórí ẹ̀rọ wọn, fáìlì rẹ̀ sì jẹ́ 3 GB. Ṣírò iye dátà tí wọ́n máa lò bí olúkúlùkù bá dá gbà á, àti iye tí wọ́n máa lò bí wọ́n bá pín ẹyọ kan. Béèrè iye tí 1 GB jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta dátà ládùúgbò rẹ, kí o sì sọ ọ́ di náírà.

4. Firefox kọ̀ láti ṣí ojú ìwé kankan lórí ẹ̀rọ kan ní kété tí iná dé, bẹ́ẹ̀ sì ni fóònù tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí o máa wò?